Àpótí Tí Ràúdátù Dá Padà sí Pobè

Bí ènìyàn bá ti Àjàṣẹ́ ń bọ̀ wá sí Sakété, tí ó kọjá ibi tí àwọn onízẹ́míjàn máa ń to alùpùpù wọn sí, yóò rí ilé gbọọrọ kan lápá òsì tí páánù orí rẹ̀ ti pọ́n. Bẹ́ẹ̀dì onírin méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń fara ti ògiri rẹ̀ níta, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tí kò ní ilé mọ́, àti àga ìrókò kan tí ẹni tó bá rẹ̀ lè jókòó sí láìtọrọ ààyè. Inú ilé yẹn ni Ràúdátù ti ń ta ẹrù àtijọ́. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo sọ̀rọ̀, eruku igi kì í sì í wọ́n lára ìbòrí rẹ̀.

Mo ra àga kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti Pobè ń lọ sí Àjàṣẹ́, mo máa ń yà kí i. Díẹ̀díẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún mi, lónìí díẹ̀, lóṣù tó ń bọ̀ díẹ̀, kò sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń ròyìn ara rẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, lẹ́yìn náà ni á wá máa sọ ọ́ lọ.

Àkànní, bàbá bàbá rẹ̀, ló dá òwò náà sílẹ̀, àmọ́ kò mọ̀ pé òwò kan ni òun ń dá sílẹ̀. Epo àtùpà ni Àkànní ń tà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń ti Àjàṣẹ́ lọ sí Pobè, ó máa ń kó agolo epo wọ inú rẹ̀, á sì máa sọ̀ kalẹ̀ láti ibùdókọ̀ dé ibùdókọ̀. Àwọn tí kò ní owó lọ́wọ́ á mú ohun tí wọn kò lò mọ́ wá fún un: àwo idẹ, agogo ara ògiri tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀dì onírin tí òyìnbó kan fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ. Àkànní á gbà á, á tún un ṣe, á gbé e sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ń wá wo agogo wá pọ̀ ju àwọn tó ń wá ra epo lọ.

Nígbà tí Àkànní kú, ọmọ rẹ̀ Ṣàmsídéènì gba iṣẹ́ náà. Òun ni bàbá Ràúdátù. Kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ ń gùn káàkiri àwọn abúlé Takon, lẹ́yìn náà ó ra alùpùpù, ó sì ń gùn ún dé Pobè àti gbogbo ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí. Ó mọ igi, ó mọ irin, ó sì mọ bí a ṣe ń tún agogo ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n sí jù ni bó ṣe ń ra ọjà. Kì í ra ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó bá dá wá. Ó ní ẹrù tó bá ti pẹ́ nílé, ti gbogbo ilé ni, kí ẹni tó fẹ́ tà á mú ẹlòmíràn láti inú ilé náà dání. Bí wọ́n bá sì dé, kò ní tíì dárúkọ iye kankan. Á gbé àga fún wọn, á fún wọn lómi, á bi wọ́n léèrè pé ta ló ni nǹkan yìí, kí ló fi ń ṣe, níbo ló máa ń wà nínú yàrá. Wákàtí kan lè kọjá báyìí. Ohun tí wọ́n fi ń bọ òrìṣà tàbí tí wọ́n fi ń ṣe eégún, kì í fọwọ́ kàn án rárá. Àwọn kan rò pé nítorí pé Mùsùlùmí ni. Òun ní ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, kò sí ẹnì kan tó lè tà á.

Nígbà tí Ràúdátù wà ní ọmọdé, gbogbo ìbéèrè yìí máa ń sú u. Ó gbà pé ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lówó.

Kò sẹ́ni tó rò pé òun ni yóò gba ìsọ̀ náà. Ó ní àbúrò ọkùnrin kan, Lúkúmánù, òun ni gbogbo ilé ń wò. Ràúdátù ka ìwé dé ọdún kẹrin ní kọlẹ́ẹ̀jì, ó fẹ́ aránṣọ kan ní Àjàṣẹ́, ó ń ta ọṣẹ níwájú ilé ọkọ rẹ̀, ayé rẹ̀ sì dára. Lẹ́yìn náà ni ibà kan dá ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá, kò sì dìde mọ́. Ràúdátù mú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Latifath, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Sakété. Ẹrù wọn ò ju ohun tí tàsí kan lè gbé lọ.

Láàárín àkókò kan náà ni ojú Ṣàmsídéènì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Àwọn dókítà ní ì bá dára ká ní ó ti tètè wá. Lúkúmánù ní tirẹ̀ ti rí iṣẹ́ ní Onigbolo, ó ń wa kámíọ̀n tó ń kó òkúta láti ibi tí wọ́n ti ń wà á lọ sí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Iṣẹ́ gidi ni, ó ń rán owó wálé, kò sì sí ẹni tó lè ní kó fi í sílẹ̀. Bí Ràúdátù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti bàbá rẹ̀ ní ìsọ̀ nìyẹn. Ó sọ fún mi pé òun ò lọ kọ́ṣẹ́ o. Ojú bàbá òun ni òun lọ ṣe.

Àmọ́ bàbá náà ń kọ́ ọ. Á mú ọwọ́ rẹ̀, á gbé e lé ara igi. Á ní àga tí ènìyàn ti jókòó sí fún ogójì ọdún, etí rẹ̀ á máa yọ̀ bí òkúta inú odò, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ á ṣì le koko. Àwọn tó ń purọ́ ọjọ́ orí fún igi máa ń ha gbogbo ara rẹ̀ lọ́nà kan náà, wọ́n á sì gbé e sínú èéfín. Á ní kí ó gbóòórùn ìrókò, kí ó gbóòórùn igi apá, kí ó ta idẹ ní èékánná kó gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó ní kó pajú rẹ̀ dé. Ràúdátù máa ń rẹ́rìn-ín pé nítorí ojú òun ni wọ́n ṣe pe òun wá síbi yìí. Bàbá á ní, "Pa á dé ná."

Báyìí ni ọdún mẹ́ta lọ.

Ní ìgbà ọyẹ́ kan, nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, Bàbá ti lọ kírun ọ̀sán ní mọ́ṣáláṣí, Ràúdátù nìkan ló wà ní ìsọ̀. Zẹ́míjàn kan dúró. Ọkùnrin kan tó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún sọ̀ kalẹ̀, aṣọ rẹ̀ mọ́, bàtà rẹ̀ ń dán. Àpótí kan ni wọ́n fi okùn dè mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù náà. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, tí wọ́n gbé e wọlé, Ràúdátù sún mọ́ ọn. Igi apá ni wọ́n fi kan án. Ẹnì kan ti fi ìṣó idẹ kéékèèké ya ẹyẹ méjì sí orí ìdérí rẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn, ẹnu wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Kò tíì rí irú rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé ìsọ̀ yẹn.

Ọkùnrin náà ní ìyá òun ló kú ní Pobè, pé àwọn ń palẹ̀ ilé mọ́. Ràúdátù béèrè ẹni tó bá a wá. Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n òun wà ní Nàìjíríà, wọn ò lè wá.

Ràúdátù mọ òfin ilé wọn dáadáa. Kò wá àwáwí kankan nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Ó ní òun kàn fẹ́ ra nǹkan kan fúnra òun lẹ́ẹ̀kan, kí bàbá òun dé, kí òun gbé ọwọ́ rẹ̀ lé àwọn ẹyẹ náà, kí òun rí ojú rẹ̀. Ó ra àpótí náà. Kò fún ọkùnrin náà lómi, kò bi í ní ìbéèrè kankan mọ́, ọkùnrin náà pàápàá kò sì nájà púpọ̀. "Ìyẹn nìkan yẹ kó ti ta mí lólobó," ló wí.

Nígbà tí Bàbá dé, ó mú un lọ́wọ́ lọ síbi àpótí náà. Bàbá fi ìka tọ ẹyẹ kan, ó tọ èkejì, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó dún kín-ín bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ó tẹ orí sínú rẹ̀, ó fa èémí. Nígbà tó gbé orí sókè, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ta ló bá a wá?"

"Arákùnrin ìyá rẹ̀ ni," ni Ràúdátù dáhùn.

Kò mọ ibi tí irọ́ náà ti jáde. Bàbá rọra pa ìdérí náà dé, ó ní kí ó bá òun mú tẹ̀súbà òun wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ràúdátù ń bu omi sí i lọ́wọ́ kó fi ṣe àlùwàlá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Bàbá, irọ́ ni mo pa fún yín lánàá. Òun nìkan ló wá."

Bàbá fọ ọwọ́ kejì tán kó tó fèsì.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ká ní ẹni méjì ló wá ni, àga méjì ì bá wà níwájú ìsọ̀. Mo fi ọ̀pá wá a, n kò bá ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́, ǹ bá má mọ bí màá ṣe bi ọ́. Jẹ́ ká kírun, ká jẹun, ká wá ẹni tó ni àpótí lọ."

Ràúdátù rántí pé ọkùnrin náà ní ẹni tó ni ín ti kú. Bàbá ní ẹni tó kú kò lè ra káfúrà. Káfúrà tó ń rùn nínú àpótí náà kò tíì pé oṣù kan, aṣọ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ ni. Ràúdátù wá bi í bí àwọn ṣe máa wá ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo Pobè. Bàbá ní kó gbé ọwọ́ òun sí ẹ̀yìn àpótí, níbi tí irin méjì ti di ìdérí mú. Ọ̀kan jẹ́ idẹ, ó ti pẹ́. Èkejì jẹ́ irin lásán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rọ́pò èyí tó já, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ sì yípo dípò kó ṣonṣo. Bàbá ní iṣẹ́ Pacôme nìyí, alágbẹ̀dẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Pobè. Irin tí igun rẹ̀ mú ti ya ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà kan, láti ìgbà náà ni Pacôme kì í ti í fi igun sílẹ̀ láìgé e.

Wọ́n wọ tàsí tó ń lọ sí Pobè, àpótí wà lórí ọkọ̀, wọ́n fi okùn dè é. Bàbá ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni òun máa jókòó sí kí atẹ́gùn lè fẹ́ òun. Ràúdátù ní inú bàbá òun dùn bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó, àmọ́ òun ń gbàdúrà pé kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Pacôme kò tilẹ̀ wo irin náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní iṣẹ́ òun ni, pé Yèyé Ọ̀ṣuntóyìn ló ni àpótí yẹn, òun bá a tún un ṣe lọ́dún tó kọjá. Ó júwe ilé náà fún wọn, lójú ọ̀nà tó lọ sí ilé ìwádìí ọ̀pẹ. Ó ní Hortense, ọmọ ìyá náà, ló ń tọ́jú rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń gbin ọmọ ọ̀pẹ sínú àpò ló sì ti ń ṣiṣẹ́.

Hortense ló wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n dé. Obìnrin tó sanra díẹ̀ ni, ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, sùtánà rẹ̀ wà lórí okùn níbi tó sá a sí. Kò tíì kí wọn tán nígbà tó rí ohun tí àwọn ọkùnrin méjì gbé tẹ̀lé wọn láti ẹ̀gbẹ́ títì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀.

Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó sọ ọ́. Ìgbà tí òun ti ibi iṣẹ́ dé níjẹta ni òun bá aṣọ ìyá òun tí wọ́n dà sórí ẹní, àpótí ò sì sí níbẹ̀. Ìyá òun ṣubú ní ọdún méjì sẹ́yìn, kò lè rìn mọ́, láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò lè rí igun tí àpótí náà máa ń wà. Nítorí náà òun ò tíì sọ fún un. Bó bá béèrè aṣọ kan, òun á lọ mú un nínú òkìtì, òun á ṣe bí ẹni pé inú àpótí ni òun ti mú un. Aṣọ tí ìyá náà tọ́jú pé kí wọ́n fi sin òun wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Wọ́n rọra gbé àpótí náà wọlé. Hortense ṣí ìdérí rẹ̀ kó lè kó aṣọ padà, ó sì dún kín-ín.

"Ó ti dé," ni ohùn kan wí láti inú yàrá.

Hortense dúró gbagidi, aṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Láti ìjẹta ni n kò ti gbọ́ ohùn rẹ̀," ni Yèyé Ọ̀ṣuntóyìn wí. "Mò ń retí kí o sọ fún mi ni. Ta ló gbé e wá?"

Ràúdátù ní ọ̀rọ̀ yẹn gún òun ju bí ó ṣe gún Hortense lọ, nítorí pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ irú rẹ̀ láàárọ̀ ni. Ó mú bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ wọ yàrá, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó sì sọ ohun tó ṣe láìfi nǹkan kan pamọ́: pé òun ra ohun tí kò yẹ kí òun rà, pé òun mọ̀ pé kò yẹ. Ìyá náà ní kó dìde, kó wá àga fún bàbá rẹ̀.

Bí ẹni tí kò ríran àti ẹni tí kò lè rìn ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì fẹ́ parí. Yèyé ní ọkọ òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan àpótí náà nígbà tó fẹ́ fẹ́ òun. Ó ní àdàbà ni ọkọ òun pe àwọn ẹyẹ náà, òun sì sọ fún un lójú gbogbo ẹbí pé adìyẹ ni. Títí ó fi kú, wọn ò gbà fún ara wọn. Bàbá béèrè bóyá òun lè fọwọ́ tọ́ wọn wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n gbé àpótí náà súnmọ́ ọn, ó fi ìka tọ wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ronú, ó ní kí Yèyé má bínú o, ó jọ adìyẹ. Yèyé rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Hortense sọ fún Ràúdátù lẹ́yìn náà pé òun ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí ìyá òun ti ṣubú.

Nígbà tí Yèyé béèrè ilé tí Bàbá ti wá, tí Bàbá sì dárúkọ Àkànní, ìyá náà ní ṣé Àkànní elépo inú rélùwéè ni. Ó rántí rẹ̀ dáadáa, ọkùnrin gíga kan tó máa ń bu epo sínú ìgò láìjẹ́ kí ẹ̀kán kan kán sílẹ̀.

Ní ọ̀ọ̀dẹ̀, Hortense ti bi Ràúdátù bí ẹni tó ta àpótí náà ṣe rí. Ràúdátù júwe rẹ̀. Hortense kọjú sí ògiri. Uriel ni, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bí kó tó kú, inú ilé yẹn gan-an ló ti dàgbà. Ó ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé òun fẹ́ lọ wá iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Yèyé gbọ́ orúkọ náà láti inú yàrá, ó sì ké sí wọn.

"Ẹ má lọ wá a o. Ọmọ mi ni. Ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá."

Hortense fẹ́ dá owó tí Ràúdátù fi ra àpótí padà fún wọn. Bàbá kọ̀, ó ní kì í ṣe Hortense ló tà á. Hortense fún wọn ní ẹ̀kọ àti ẹja díndín, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó kúrò.

Nínú tàsí tí wọ́n wọ̀ padà, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Sakété nígbà tí Bàbá yíjú sí i. Ó ní bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la, ẹni tó bá wá ta nǹkan, Ràúdátù ni kó máa bá sọ̀rọ̀, òun á kàn máa jókòó ni. Ràúdátù rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Ó bi í bóyá ó ti gbàgbé ohun tí òun ṣe.

"N kò gbàgbé," ni bàbá rẹ̀ wí. "Èmi náà ra irú rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún, ní ilẹ̀ Takon. Mi ò dá a padà. Mo mọ ẹni tó ni ín, mo ń rí i lọ́jà, mi ò sì lè kí i títí ó fi kú. O rò pé ibo ni mo ti rí òfin yẹn?"

Ràúdátù ní òun sunkún dé ilé, àmọ́ kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́.

Lúkúmánù ló kù tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Ìsọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ pé ọkùnrin ni yóò jogún rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi lé òun lọ́wọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ti Onigbolo dé lọ́jọ́ Àìkú, bàbá sọ ọ́ fún un níwájú Ràúdátù. Lúkúmánù yíjú sí Ràúdátù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkàn mi balẹ̀ báyìí. Mo ti ń ronú bí màá ṣe sọ fún Bàbá pé eruku inú ìsọ̀ yìí máa ń mú mi sín." Ọkùnrin tí eruku òkúta bò láti orí dé ẹsẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, Uriel wá. Ó dúró sí òdìkejì títì fún ìgbà pípẹ́, Ràúdátù rí i, ó sì sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá ní kó gbé àga jáde, kó bu omi. Uriel jókòó, ó mu omi, ó tọrọ àforíjì. Kò tíì lọ sí Nàìjíríà, ọkàn rẹ̀ kò gbà á láti lọ. Ó ti lọ bá ìyá bàbá rẹ̀, ìyẹn sì ti gbàdúrà fún un. Bàbá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Lúkúmánù, kò sì pẹ́ tí Uriel fi rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń di àpò sìmẹ́ńtì sínú kámíọ̀n. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, ó ti bí ọmọ méjì.

Hortense ní tirẹ̀ ti dìde nínú ìjọ rẹ̀, ó ti sọ ohun tí Mùsùlùmí kan àti ọmọ rẹ̀ láti Sakété ṣe fún ìyá òun. Ọ̀rọ̀ náà ń tàn ká. Bí wọ́n bá fẹ́ wó ilé àtijọ́ kan ní Pobè, tàbí tí ẹbí kan bá ń pín ẹrù tí wọn ò lè pín, wọ́n á ní kí wọ́n pe obìnrin Sakété. Kò tíì sí ọdún tí ìsọ̀ náà kún tó bẹ́ẹ̀ rí, àní nígbà ayé Àkànní. Ràúdátù ní nígbà tí òun ń gbé àpótí yẹn sórí ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àdánù nìkan ni òun rò pé òun ń gbé lọ.

Yèyé Ọ̀ṣuntóyìn lo ọdún kan àti oṣù díẹ̀ sí i kó tó kú. Ní gbogbo àkókò yẹn, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, Ràúdátù máa ń mú bàbá rẹ̀ lọ kí i. Àwọn méjèèjì á jókòó, wọ́n á máa jiyàn lórí orúkọ ibùdókọ̀ ojú irin tí kò sí mọ́. Nígbà tí Bàbá fúnra rẹ̀ kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Hortense kó àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ wá láti Pobè. Wọ́n jókòó nínú aṣọ funfun wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí, wọ́n jọ ń gé ẹran, wọ́n jọ ń fọ àwo. Pacôme wá. Àwọn kan wá láti Takon tí Ràúdátù kò mọ̀ rárá, olúkúlùkù ń sọ ohun tí ilé wọn tà fún bàbá rẹ̀ àti ohun tó bi wọ́n léèrè nípa rẹ̀.

Latifath ti di obìnrin báyìí. Ó ń fi fóònù pọ́tábù rẹ̀ ya fótò àwọn ẹrù, ó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn ní Kútọnu àti ní òkè òkun, ó sì máa ń kọ ìtàn ẹrù kọ̀ọ̀kan sábẹ́ fótò rẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe pè é fún un. Ó sọ fún mi pé ìtàn náà ni wọ́n máa ń béèrè kí wọ́n tó béèrè ohun mìíràn. Ràúdátù gbọ́, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bá wọn níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan ti abúlé kan ní ilẹ̀ Takon wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó gbé agogo ara ògiri kan dání tó fi aṣọ wé. Ràúdátù gbé àga méjì kalẹ̀, ó bu omi, ó sì béèrè ẹni tó ni agogo náà. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ní rélùwéè ló ni ín. Ó sọ ti ẹ̀gbọ́n náà, ó sọ ti ìyàwó rẹ̀, ó sọ ti ọdún tí àrá sán pa igi ìrókò àgbàlá wọn tí agogo náà sì dúró fún ọjọ́ méje, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó wo agogo náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní òun ò rò pé òun fẹ́ tà á mọ́.

Ràúdátù ní kò burú. Ó bá a fi aṣọ wé e padà, ó sì so ó dáadáa kí ó má baà gbọ̀n lórí alùpùpù. Ó sìn wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ títì, ó dúró tì wọ́n títí tí wọ́n fi rí zẹ́míjàn. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó bu omi tó kù nínú kẹ́tùrù, ó lọ ṣe àlùwàlá, nítorí pé wọ́n ti pe ìrun ìrọ̀lẹ́.